Ríìmù Tí Ó Sán: Ẹ Má Jó O, Ẹ Pààrọ̀ Rẹ̀

Ẹ̀yin ará wa l'Òkè Ọya, ọ̀rọ̀ wa dá lórí ẹsẹ̀ mọ́tò.

Kòtò kì í wọ́n l'ọ́nà tí a ń gbà relé, láti Kàdúná títí dé Mọ́kwà àti Jẹ́bà. Bí mọ́tò bá já sí kòtò, ríìmù lè tẹ̀, ó sì lè sán. Ọ̀tọ̀ ni èkíní, ọ̀tọ̀ ni èkejì.

Ríìmù onírin tí etí rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ ṣeé lù padà. Bí wọ́n bá lù ú tán, ẹ ní kí wọ́n fi jáàkì gbé mọ́tò, kí wọ́n yí ẹsẹ̀ náà níṣojú yín. Bí kò bá mì, tí omi ọṣẹ tí a dà sí etí rẹ̀ kò sì ru, ẹ máa lò ó. Ẹ má fi owó ilé-ìwé ọmọ ra tuntun.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó bá sán, tàbí tí ihò nọ́ọ̀tì rẹ̀ ti fẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n jó o pọ̀, pàápàá èyí tí a fi alumíníọ̀mù ṣe. Iná ajórin a máa sọ ọ́ di aláìlágbára. Ẹ̀gbẹ́ ojú àpá náà ni yóò tún ti ya.

Àwọn kan yóò ní owó kò sí. Òtítọ́ ni. Tòkunbọ̀ tí kò tẹ̀, tí kò sì sán, sàn ju èyí tí a jó lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi bọ́ọ̀sì kó wa relé ọdún, ẹ̀mí yín nìkan kọ́ l'ẹ gbé dání. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ẹ jẹ́ kí á délé láyọ̀.