A ń sanwó àmàlà, ta ló ń sanwó ìlù?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó ni, ọ̀rọ̀ ìtìjú sì tún ni. Ẹni tí ebi bá ń pa kó lọ jẹun ná, torí mo máa dárúkọ gbẹ̀gìrì.

Ọjọ́ Sátidé kan báyìí, mo san ₦3,500 fún àwo àmàlà kan nígboro Ìbàdàn. Ẹran méjì, ṣàkì kan, pọ̀nmọ́ kan. Mi ò ná an. Mi ò sọ fún ìyá olóúnjẹ pé, "Ẹ jẹ́ kí n jẹ ẹ́ ná, bóyá àwọn tó jókòó sí tábìlì kejì á dáwó jọ fún yín." Mo jẹun, mo sanwó, mo fọwọ́, mo bá tèmi lọ.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, onílù mẹ́fà lu ìlù fún ìdílé wa láti ọ̀sán títí oòrùn fi fẹ́ wọ̀. Nígbà tí mo jókòó ṣírò ó lálẹ́, iye tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ò tó owó àwo àmàlà yẹn. Èmi fúnra mi ni mo ka owó náà lé wọn lọ́wọ́. Ìdí tí mo fi ń kọ gbogbo èyí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín débẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹni tó bá ti ń tẹ̀ lé mi tipẹ́ mọ̀ pé etíkun Èkó kọ́ ni mo máa ń lọ lópin ọ̀sẹ̀. Oko ni mò ń lọ. Kì í ṣe pé mo ní ọkọ́ àti àdá o. Ìdílé tó bá ti pẹ́ n'Íbàdàn, ilé wọn á wà nígboro, abúlé wọn á wà lóko: Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá, Ọ̀nà-Àrà. Ibẹ̀ làwọn àgbà wa ń pè ní oko, bí iná mànàmáná tiẹ̀ ti dé ibẹ̀.

Kò jìnnà. Láti Iwo Road, ọ̀nà kan gba Ìyànà Ọ̀fà lọ sí Lálúpọn, òmíràn gba Ẹgbẹ́dá forí lé Ifẹ̀. Láti Òjóò, ẹ ó kan Mọ́níyà kí ẹ tó dé ìlú Akínyẹlé gan-an. Ẹ̀yin ará Èkó, láti 2021 ni rélùwéè tuntun ti ń já yín sí Mọ́níyà. Ẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀ ń sáré wọ mọ́tò lọ sí Bódìjà láìwẹ̀yìn. Ẹ ti wà ní Akínyẹlé, ẹ ò sì mọ̀.

Kí ni mò ń lọ jẹ lóko? Àmàlà kan náà tí gbogbo yín ń yà fọ́tò rẹ̀ ni. Èlùbọ́ ò kì í hù ní Bódìjà. Ẹnì kan ló bó iṣu, tó bọ̀ ọ́ sínú omi gbígbóná, tó jẹ́ kó sun mọ́jú nínú omi náà, tó wá sá a sóòrùn títí ó fi gbẹ kó tó lọ ọ́. Iṣu funfun ni wọ́n bó, àmàlà dúdú ló dé inú àwo yín. Èyí tó bá funfun, láfún nìyẹn, ti ẹ̀gẹ́.

Ìyá kan wà lójú ọ̀nà Lálúpọn tí mo máa ń lọ bá. Igi ni wọ́n fi ń dáná. Ìjábẹ̀ ni wọ́n fi ń ja ewédú, ọwọ́ ni wọ́n fi ń bó ẹ̀wà gbẹ̀gìrì. Ẹ ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, adìyẹ á máa gba abẹ́ ẹsẹ̀ yín kọjá. Bí ẹ bá ní kí wọ́n dín ata kù, wọ́n á wò yín bí ẹni tí ara rẹ̀ ò yá.

Ṣùgbọ́n oúnjẹ nìkan kọ́ ló ń fà mí lọ. Lọ́jọ́ Sátidé, kò sí bí ẹ ò ṣe ní gbọ́ ìlù lóko. Ìsìnkú àgbà ni o, ìgbéyàwó ni o, ìṣílé ni o. Ẹ ó gbọ́ ọ kí ẹ tó rí kánópì. Ìyáàlù pẹ̀lú ṣaworo rẹ̀, kẹríkẹrì, àti gúdúgúdù kékeré tó ń ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bí òjò lórí páànù.

Ẹ wá wo ọgbọ́n àwọn onílù. Ẹni tí kò rí yín rí láyé á wo ojú yín, á rọra bi ẹni tó dúró tì yín léèrè ọ̀rọ̀ kan. Kí ẹ tó mu omi tán, ó ti ń fi ìlù pe orúkọ bàbá yín.

Kì í sì í ṣe oko nìkan ló nírú eré yìí. Ìbàdàn yìí náà ló fún wa ní àwúrèbe Dáúdà Epo Àkàrà àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ Tátàló Àlàmú. Ẹ wo orúkọ yẹn dáadáa: Epo Àkàrà. Nílùú yìí, ibi tí oúnjẹ bá wà lorin ń wà.

Ó wá ku ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ.

Màmá àgbà wa, ìyá tó bí màmá mi, pé ọgọ́rin ọdún. Wọ́n ní àwọn ò ṣe họ́ọ̀lù kankan nígboro, abúlé ni àwọn fẹ́, níkọjá Akánrán. Èmi ni wọ́n fi ṣe akápò, torí wọ́n gbà pé ẹni tó mọ fóònù tẹ̀ á mọ owó kà.

Owó kánópì, a san án. Owó alásè, a san ìdajì ṣáájú. Owó DJ tó ń bọ̀ láti ìgboro, ₦80,000, a san gbogbo ẹ̀ ṣáájú, torí ó ní òun ò ní gbé ẹ̀rọ kúrò nílé bí owó ò bá wọlé. Nígbà tó wá kan àwọn onílù, ẹ̀gbọ́n màmá mi kan ní, "Fún wọn ní ogún ẹgbẹ̀rún. Wọ́n á rí ìyókù lójú agbo." Kò sẹ́ni tó jiyàn. Èmi náà ò jiyàn.

Ọjọ́ pé. DJ ló kọ́kọ́ gba agbo. A jó, ó dùn, mi ò ní purọ́. Nígbà tó di nǹkan bí aago méjì, jẹnẹrétọ̀ kú. Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́.

Ìgbà yẹn ni àwọn onílù dìde lábẹ́ igi máńgòrò. Bàbá tó gbé ìyáàlù lọ dúró níwájú màmá àgbà, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Mi ò gbọ́ gbogbo ohun tí ìlù náà ń sọ. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwa ọ̀dọ́ ò gbédè ìlù mọ́. Ṣùgbọ́n màmá àgbà gbọ́. Wọ́n gbé ọwọ́ lé orí. Màmá mi gbọ́ díẹ̀, omi sì ń bọ́ lójú wọn.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ṣàlàyé fún mi. Oríkì bàbá tó bí màmá àgbà ni bàbá onílù ń pè. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin bàbá náà, wọn ò gbọ́ ọ mọ́. Bàbá tó bí onílù yìí ló lu ìlù lọ́jọ́ ìsìnkú ọ̀hún. Èmi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ìdílé wa ní i. Kò sí lórí YouTube, kò sí nínú ìwé. Ọwọ́ bàbá yẹn ló wà.

Owó wá ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ní kéèṣì lọ́wọ́. "Bàbá, mo máa ṣe tíránsífà." Nẹ́tíwọ́ọ̀kì abúlé, ẹ má wulẹ̀ bèèrè. Àbúrò màmá mi kan fa owó yọ, ìyàwó wọn di ọwọ́ wọn mú: "Ẹ rántí EFCC o!" Gbogbo agbo rẹ́rìn-ín. Owó padà sápò.

Nígbà tó dìrọ̀lẹ́, bàbá onílù pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọmọ mi, ẹ bá wa wá nǹkan tá a máa fi wọ mọ́tò." Àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí òkú ìdílé mi dìde ló ń tọrọ owó mọ́tò lọ́wọ́ mi. Ẹgbẹ̀rún méjì ló wà lápò mi, mo fún wọn. Ogún ẹgbẹ̀rún fún èèyàn mẹ́fà, ₦3,333 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ padà lọ wo owó àmàlà mi lókè.

Ọmọ ọmọ wọn ló lu gúdúgúdù, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lọ. Mo bi í bóyá òun ló máa gba ìyáàlù lọ́wọ́ bàbá àgbà. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, mò ń kọ́ṣẹ́ fóònù títúnṣe ní Àmúlókò." Kò sọ ọ́ tìbínú-tìbínú. Ó kàn sọ ọ́ bí ẹni tó ti ṣírò ó.

Ó yá, ọ̀rọ̀ òfin. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007, abala 21, ní ẹni tó bá ń fọ́n náírà sókè tàbí tó ń jó lórí rẹ̀ lóde ìnáwó lè fi ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà jura, tàbí kó san ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ọdún la fi ń fi òfin yẹn ṣeré. Ìgbà tí ilé ẹjọ́ rán Bobrisky lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà lóṣù kẹrin 2024 ni ẹ̀rù tó wá bà wá. Kó tó dìgbà yẹn, ọ̀wọ́n owó tó bá pípààrọ̀ náírà rìn níbẹ̀rẹ̀ 2023 ti kọ́ gbogbo wa bí wọ́n ṣe ń lọ sóde láìmú kéèṣì dání.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni rú òfin. Ohun tí mò ń sọ ni pé òfin yẹn ò dá ìṣòro kankan sílẹ̀, àṣírí wa ló tú. Ọjọ́ pẹ́ tá a ti ń fi owó tí àlejò máa lẹ̀ mọ́ onílù níwájú bo owó iṣẹ́ tí àwa fúnra wa kọ̀ láti san.

Mo mọ̀ ohun tẹ́ ẹ máa sọ.

"Àwọn onílù ti máa ń yọni lẹ́nu jù." Òótọ́ ni. Èmi náà ti gba ẹ̀yìnkùlé sá fún onígángan rí. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó báyìí: bí ìyá alámàlà bá ní láti dúró lẹ́nu ọ̀nà kó máa ki yín kí ẹ tó san owó oúnjẹ tẹ́ ẹ ti jẹ tán, ṣé kò ní yọ yín lẹ́nu? Ẹni tó ti gba owó iṣẹ́ rẹ̀ ò ní dí mọ́tò ẹnikẹ́ni lọ́nà.

"Àṣà wa ni kí wọ́n rówó lójú agbo." Àṣà ta? Láyé àtijọ́, ọba àti ìjòyè ní onílù tiwọn. Wọ́n ń bọ́ wọn, wọ́n ń daṣọ fún wọn. Owó ojú agbo, èènì ni. Ta ló ń lọ sọ́jà tó ń gba ọjà gidi, tó wá ń san owó èènì nìkan?

"Ìdílé Àyàn ni wọ́n, wọ́n bíṣẹ́ mọ́ wọn ni." Bẹ́ẹ̀ ni. Wọn kì í sì í fi orúkọ Àyàn ra gàrí.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìnáwó lọ́jọ́ iwájú, mo bẹ̀ yín:

Ẹ bá onílù dúnàádúrà kí ọjọ́ tó pé, kí ẹ sì san díẹ̀ ṣáájú bí ẹ ṣe ń ṣe fún DJ.

Ẹ kọ owó onílù sínú ìwé ìnáwó ṣáájú owó ọtí. Bọ́tìnnì kan tẹ́ ẹ bá yọ kúrò lórí aṣọ ẹbí ò ní bà á jẹ́.

Ẹ gbé abọ́ síwájú wọn kí èèyàn máa fi owó sí i jẹ́jẹ́, tàbí kí ẹ kọ nọ́ńbà àkáǹtì wọn sí pátákó gàdàgbà. Kò sẹ́ni tó fọ́n nǹkan kan.

Bí ìlù bá sì dákẹ́, ẹ lọ bi onílù pé, "Bàbá, kí lẹ sọ?" Ẹ gba àyè lọ́wọ́ wọn, kí ẹ fi fóònù gbà á sílẹ̀ fún ìdílé yín. Ẹ san ìyẹn náà lọ́tọ̀.

Èmi ńkọ́? Mo kó ọ̀rọ̀ náà sínú WhatsApp ìdílé wa. Ẹ̀gbọ́n màmá mi bínú, wọ́n ní mò ń kó ìtìjú bá wọn. Àwọn náà ló kọ́kọ́ fi owó ránṣẹ́ ṣá. A rí ₦60,000 kó jọ. Mo gbé e lọ fúnra mi ní Sátidé tó tẹ̀ lé e.

Bàbá ò fò sókè, wọn ò gbàdúrà gígùn. Wọ́n ka owó náà, wọ́n ní, "Ẹ ṣé. Owó iṣẹ́ ni." Wọ́n wá ní kí wọ́n fún mi ní iṣu sísun àti epo. Bí mo ṣe ń jẹ ẹ́, wọ́n gbé ìyáàlù, wọ́n tún oríkì náà lù, díẹ̀díẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, bí ẹni ń kọ́ ọmọdé ní lẹ́tà. Mo ti mọ ìlà mẹ́ta báyìí.

Gúdúgúdù wà lára ògiri lẹ́yìn wọn. Kò sẹ́ni tó lù ú lọ́jọ́ náà. Ọmọ tó ni ín wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Àmúlókò.

Ó tán. Ẹ wá sọ fún mi lábẹ́ ibí, ẹ má purọ́: níbi ìnáwó tẹ́ ẹ ṣe kẹ́yìn, èló lẹ fún DJ, èló lẹ sì fún onílù?