Ẹ Má Tà Á Fún Oníkọ̀ńdẹ́ẹ̀mù

Wọ́n tún kan géètì wa lọ́sẹ̀ yìí. Ọkùnrin tó ń ti ọmọlanke kiri Ìbà, tó ń ké pé òun ń ra irin kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù, kọ́ ló bí mi nínú. Iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Alàgbà kan ládùúgbò, tó jókòó síwájú ilé tirẹ̀, ló nawọ́ sí ẹ̀yìnkùlé wa pé: "Ẹ bá wọn gbé Pijó yẹn lọ, ó ti di ìdọ̀tí." Píkọ́ọ̀pù Peugeot 504 bàbá wa ló ń pè bẹ́ẹ̀!

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí mọ̀ pé ìjà èmi àti àwọn tí "ó ti bàjẹ́" máa ń yá lẹ́nu kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Gbólóhùn mi kò sì yí padà: ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ná. Mo ti ṣèlérí pé n ó kọ̀wé lórí ọkọ̀ tó pẹ́ nílẹ̀, n ó sì pín in sí mẹ́ta: ẹ́ńjìnnì, páànù, àti ìwé ọkọ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ẹ́ńjìnnì.

Ọkọ̀ tó pẹ́ nílẹ̀ kì í kú níbi tó wà. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ jí i ni wọ́n máa ń pa á. Ẹ ti rí wọn rí: ọmọ mẹkáníìkì kan á gbé bátìrì dé, á so wáyà mọ́ ọn, á pariwo pé, "Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sí i!" Kí ló ń lé e? Ríìǹgì inú ẹ́ńjìnnì ti dógùn-ún, ó ti lẹ̀ mọ́ ara sílíńdà. Tí sítátà bá fi agbára fà á lójijì, ríìǹgì á ṣẹ́, á ha sílíńdà, owó tí ẹ kò ní lọ́kàn láti ná á sì bọ́ sílẹ̀. Bàbá mẹkáníìkì tó ń bá wa ṣe píkọ́ọ̀pù wa, ará Òkokomáíkò ni, kò tilẹ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú kọ́kọ́rọ́ wá. Wọ́n tú pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n da ọ́ìlì díẹ̀ sí ihò kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní ká lọ sùn. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n fi sípánà yí nọ́ọ̀tì iwájú ẹ́ńjìnnì, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú agbára ọwọ́ nìkan. Ó yí. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ó yí! Ohun tí alàgbà yẹn pè ní ìdọ̀tí!

Ọ̀rọ̀ epo ló tún kàn. Bẹntiróòlù tó ti wà nínú táǹkì láti ọdún gbọọrọ ti yí padà, ó ti di ohun tó ń lẹ̀, òórùn rẹ̀ sì jọ ti fáníìṣì. Tó bá wọ kábúrétọ̀, á dí gbogbo ihò tín-tìn-tín tó wà níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kó fa epo inú táǹkì rárá. Kẹ́ẹ̀gì kékeré tí wọ́n gbé sókè, tí wọ́n fi rọ́bà so mọ́ kábúrétọ̀ tí wọ́n ti tú fọ̀, ló yẹ kó kọ́kọ́ mu. Kí ẹ sì fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Tó bá ń rùn bíi bẹntiróòlù, ó ṣeé ṣe kí rọ́bà inú pọ́ǹpù epo ti ya, kí epo sì ti máa ṣàn wọnú ọ́ìlì. Ẹ da gbogbo rẹ̀ nù kí ẹ tó ronú àtitan ọkọ̀.

Àgbọn ni bàbá wa fi ọkọ̀ náà ń kó láti Àgbádárìgì wá sí Àlàbá àti Múṣin. Súpíríìnì pẹlẹbẹ ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì lè gbé ẹrù tọ́ọ̀nù kan láìkáàánú ara rẹ̀. Orí àgbọn ni àwa ọmọ máa ń jókòó sí, òun ló kó ẹrù ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, òun ló gbé ìyá bàbá wa lọ sílé ìkẹyìn. Nígbà tí iṣẹ́ fífẹ ọ̀nà Àgbádárìgì bẹ̀rẹ̀ ní 2009, tí kòtò gba ojú títì, súpíríìnì ẹ̀yìn já. Bàbá wa gbé e sílẹ̀, wọ́n ní àwọn yóò tún un ṣe tí ọ̀nà bá dára. Wọ́n papò dà kí ọ̀nà tó dára.

Páànù àti ìwé ọkọ̀ yóò dúró di ọjọ́ mìíràn, nítorí ohun kan ń ká mi lára ju ìyẹn lọ. Kàdúná ni wọ́n ti to píkọ́ọ̀pù yìí. Ọdún 1975 ni Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ níbẹ̀, ọdún kan náà tí Volkswagen bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀jọ́ wa níbí, tí wọ́n ń to Beetle àti Igala. Ọdún yẹn kan náà ni 504 gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ní Kẹ́ńyà, lórí ẹrẹ̀ àti òkúta. Lónìí, kọ̀ńdọ́ ṣì ń pe "Volks" ní ibùdókọ̀, àmọ́ ta ló ń to Igala? Iṣẹ́ ti lọ. Ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ ló kù, àwọn bàbá tó lè fi fáìlì àti sáńpépà tún pọ́íńtì ṣe títí iná á fi já dáadáa. Gbogbo Pijó tí a bá fi òṣùwọ̀n tà fún oníkọ̀ńdẹ́ẹ̀mù, a ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, a sì ti fi ẹ̀kọ́ du àwọn ọmọ tó yẹ kó kọ́ ọ lára wọn. Lẹ́yìn náà la ó lọ yáwó ra tòkúnbọ̀ tí mẹkáníìkì kò lè fọwọ́ kàn láìlo kọ̀ǹpútà!

Wọ́n ní epo wọ́n. Ó wọ́n lóòótọ́, láti oṣù Karùn-ún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ rẹ̀ ni gbogbo wa ti ń jìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ní a ó máa gbé píkọ́ọ̀pù lọ síbi iṣẹ́ ní Marina? Ọkọ̀ ojú irin wà ní Mile 2 fún ìyẹn. Ẹrù la fẹ́ fi kó: búlọ́ọ̀kù, sìmẹ́ǹtì, àgbọn. Ẹni tó bá ti háyà ọkọ̀ ẹrù láti Àlàbá dé Ìbà láìpẹ́ yìí mọ iye tó san.

Ẹ́ńjìnnì wa ti ń dún báyìí, ṣùgbọ́n kò tíì ní jáde sí títì. Rọ́bà bíréèkì ti là, sílíńdà ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì ti gan, a ó pààrọ̀ wọn kí táyà tó yí. Ẹ̀yin tí irú ọkọ̀ yìí wà lẹ́yìnkùlé yín ní Ìbà, Ọ̀jọ́ àti Òkokomáíkò, mo bẹ̀ yín, ẹ pe àgbà mẹkáníìkì kí ẹ tó pe oníkọ̀ńdẹ́ẹ̀mù. Kí ẹ sì mú ọmọ yín kan dání lọ́jọ́ náà, kó dúró ti bàbá yẹn, kó máa wo ọwọ́ rẹ̀.