Ọkọ̀ Tó Ń Hó Lójú Ọ̀nà: Omi Nìkan Kọ́ Ni Ìwòsàn Rẹ̀

Ẹni tó bá ń rin ọ̀nà Òṣogbo sí Ògbómọ̀ṣọ́ déédéé kò ní ṣàì ti rí i: ọkọ̀ akérò kan dúró sẹ́bàá ọ̀nà láàárín Ìlobùú àti Ifọ́n-Ọ̀ṣun, awakọ̀ ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè, ooru omi ń rú túú, àwọn èrò ti bọ́ sílẹ̀, ẹnì kan sì ti gbé kẹ́ẹ̀gì lọ wá omi. Wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á tún gbéra. Bí ó bá di ọjọ́ kejì, ọkọ̀ kan náà lè tún hó. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ àti mẹkáníìkì ni kì í wo ẹ̀yìn. Ooru ni wọ́n ń pa, wọn kì í wá ohun tó fà á, ibẹ̀ sì ni owó ti ń ṣòfò.

Ìlú méjèèjì yìí kì í ṣe àjèjì sí ohun tútù. Ìlobùú ni ìlú Erinlẹ̀, odò tó tún jẹ́ òrìṣà. Ifọ́n sì ni ìlú Òrìṣà Olúfọ́n, òrìṣà funfun tó ni omi ẹ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kò mọ ẹ̀rọ̀ mìíràn ju èyí tí àwọn tó ṣe é là sílẹ̀ fún un lọ.

Ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ìdádúró lójú ọ̀nà. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí náírà sì já wálẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ti di ohun tí awakọ̀ alájẹsójúmọ́ kò lè rà láìjẹ gbèsè. Ọ̀rọ̀ ààbò tún wà níbẹ̀. Nígbà tí ìjà ilẹ̀ mú kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kéde kónílé-ó-gbélé ní Ìlobùú, Ifọ́n àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ní ọdún 2025, ta ni yóò fẹ́ kí ọkọ̀ òun kú sáàárín ìlú méjì?

Ọ̀nà tí ẹ́ńjìnnì ń gbà tutù kò fara sin. Wọ́tà pọ́ọ̀ǹpù ló ń ti omi yí inú rẹ̀ ká. Omi náà á gbé ooru lọ sínú rédíétọ̀, kí atẹ́gùn àti fáànù lè fẹ́ ẹ dànù. Tẹ́mọ́sítáàtì ni adènà: ó ń ti ọ̀nà pa nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, á sì ṣí i nígbà tí omi bá gbóná tó nǹkan bíi 82°C sí 90°C. Ìdérí rédíétọ̀ pàápàá ní iṣẹ́ tirẹ̀: ó ń fún omi mọ́lẹ̀ kí ó má baà hó ní 100°C. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kùnà, ìyókù kò lè dá a ṣe.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni yíyọ tẹ́mọ́sítáàtì jù nù. Lóòótọ́, bí ó bá gan pa, yíyọ rẹ̀ lè gbé ọkọ̀ délé. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé rédíétọ̀ ló dí, yíyọ náà kò wo nǹkan kan sàn. Ẹ́ńjìnnì tí kò sì gbóná tó bó ṣe yẹ a máa jẹ epo lájẹjù, a sì máa tètè gbó. Àwọn mẹkáníìkì ní ọ̀rọ̀ láti fi gbèjà ara wọn: ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Òdodo ni, ṣùgbọ́n ìdánwò rẹ̀ kò le. Kí wọ́n fi okùn so tẹ́mọ́sítáàtì kọ́ sínú ìkòkò omi lórí iná. Kí omi tó hó, ó yẹ kí ó ti ṣí. Èyí tí kò bá ṣí, kí wọ́n dá a padà fún ẹni tó tà á.

Àṣìṣe kejì ni omi kànga àti omi odò. Bí ọ̀nà kò bá sí mọ́, ó lè gbani sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Bí ó bá di àṣà, ìdọ̀tí àti ohun tó yòrò sínú rẹ̀ á di èépá sínú rédíétọ̀, irin á sì dípẹtà. Kì í ṣe nítorí òtútù ìlú òyìnbó nìkan ni wọ́n ṣe kúláǹtì. Bí a bá pò ó mọ́ omi mímọ́ ní ìlàjì sí ìlàjì, kì í jẹ́ kí irin dípẹtà, kì í sì í tètè hó.

Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ a máa bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò náni lówó. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, yóò wo bóyá omi dín. Bí ó bá dín, yóò wá ibi tó ń jò lára ọ́ọ̀sì, rédíétọ̀ àti wọ́tà pọ́ọ̀ǹpù. Yóò bi awakọ̀ léèrè ìgbà tí ọkọ̀ ń gbóná. Bí ó bá jẹ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ nìkan, fáànù ni kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí: fíúùsì rẹ̀, wáyà rẹ̀, mọ́tò rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ lórí eré tàbí lórí òkè, kí wọ́n wo rédíétọ̀ tó dí, bẹ́líìtì tàbí pọ́ọ̀ǹpù. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná gan-an, tí ọ́ọ̀sì kan gbóná tí èkejì tutù, ó ṣeé ṣe kí tẹ́mọ́sítáàtì ti gan.

Ìkẹyìn ni tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì. Omi tó ń dín láìjò, èéfín funfun tí kò dáwọ́ dúró, àti ọ́ìlì tó ṣì funfun bí ògì ni àmì rẹ̀. Ọkọ̀ tó bá ní àmì wọ̀nyí kò gbọdọ̀ rìn mọ́. Kí wọ́n tú orí ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n sì gbé e fún tọ́nà láti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti wọ́. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun lórí irin tó wọ́ kò ní pẹ́ tí yóò fi tún jó.

Awakọ̀ náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Igi gogoro má gùn mí lójú, àtòkèrè la ti ń wò ó. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ ooru fi wà níwájú rẹ̀. Bí ó bá ti ń gòkè, kí ó yà sẹ́bàá ọ̀nà, kí ó pa ọkọ̀, kí ó má sì fọwọ́ kan ìdérí rédíétọ̀ títí yóò fi tutù. Omi tó tú jáde níbẹ̀ ti bó ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú. Kí ó má sì da omi tútù sí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, nítorí irin lè là.

Ohun tó ṣòro jù ni pé àwọn onímọ́tò kì í fẹ́ sanwó àyẹ̀wò. Pààtì tuntun ni wọ́n mọ̀ pé ó tọ́ sí owó. Wákàtí kan tí mẹkáníìkì fi wádìí kò jọ iṣẹ́ lójú wọn. Nítorí náà, òun náà á yára pààrọ̀ nǹkan kan. Àwọn ẹgbẹ́ mẹkáníìkì ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn àti Òrolú lè fi iye kan lélẹ̀ fún àyẹ̀wò, kí wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ wọn ní ìlànà kan náà. Àwọn ẹgbẹ́ awakọ̀ náà lè sọ ọ́ di òfin pé ọkọ̀ tó bá hó lẹ́ẹ̀mejì kò ní kérò mọ́ títí wọn yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Omi tí wọ́n bù sí rédíétọ̀ lè gbé ọkọ̀ dé Òṣogbo lónìí. Ohun tó mú omi náà gbẹ ni yóò sọ bóyá ọkọ̀ náà á padà délé lọ́la.