Ẹ Yé É Pe Híhanrun ní Oorun Àsùnwọra

Ẹjọ́ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ bá yín rò lónìí. Bí ẹnìkan bá ń hanrun láàárín wa, ẹ̀rín ni a máa ń fi í rín. A ó ní, "Ẹ wo bí oorun ṣe dùn mọ́ ọn!" Bí ẹni yìí kan náà bá ń tòògbé lẹ́nu iṣẹ́ lọ́sàn-án, a ó pè é ní ọ̀lẹ. Bí ó bá ta gìrì lóru bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn, a ó ní ogun oru ni. Orúkọ mẹ́ta ni a fún ohun tó lè jẹ́ àìsàn kan ṣoṣo, kò sì sí èyí tó jẹ́ orúkọ rẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Èmi gan-an ni ọ̀ràn yìí ṣẹlẹ̀ sí. Nínú ilé wa ní Lọ́ńdọ̀nù, ìyàwó mi ló kọ́kọ́ kíyè sí i pé bí mo bá ń hanrun, ariwo náà a máa dákẹ́ lójijì bí ẹni pé mo ti kú. Lẹ́yìn náà ni n óò wá máa mí helehele bí ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ nínú odò. N kò gbà á gbọ́. Ẹni tó sùn kò lè ṣe ẹlẹ́rìí ara rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn ní kí n gba ààwẹ̀. Mo gbà á, ṣùgbọ́n oògbé kò dáwọ́ dúró. Ọjọ́ tí mo tòògbé nídìí ọkọ̀, tí ọkọ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà pẹ̀lú àwọn ọmọ mi lẹ́yìn, ni mo tó gba ilé ìwòsàn lọ.

Àyẹ̀wò oorun àsùnmọ́jú ni wọ́n ṣe fún mi. Òṣìṣẹ́ kan lẹ wáyà tín-ín-rín mọ́ mi lórí láti mọ bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́, mọ́ ẹ̀gbẹ́ ojú láti mọ bí ẹyinjú ṣe ń yí, mọ́ àgbọ̀n àti ojúgun nítorí iṣan, mọ́ àyà nítorí ọkàn. Ó so bẹ́líìtì méjì mọ́ mi láyà àti níkùn, ó fi ọ̀pá róbà tẹ́ẹ́rẹ́ sí ihò imú mi láti wọn èémí, ó sì fi ohun kan há mi ní ìka láti wo ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀. Kámẹ́rà ń wò mí láti òkè. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Lóru ọjọ́ náà, ẹ̀rọ ni ojú mi.

Bí èémí bá dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 10 ó kéré tán, wọn a kà á sí ẹ̀ẹ̀kan. Wọn a sì ka ìgbà tí ó bá relẹ̀ gidigidi mọ́ ọn. Bí ó bá jẹ́ ìgbà 5 sí 14 ní wákàtí kan, àìsàn náà kò tíì le; 15 sí 29, ó ti ń le; 30 lọ sókè, ó le gan-an. Tèmi jẹ́ 41. Ìgbà 41 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan ni ọ̀nà ọ̀fun mi ń dí, tí ọpọlọ ń ta mí jí kí n lè mí, tí n kò sì mọ̀ nǹkan kan. Ṣé oorun àsùnwọra nìyẹn?

Ẹnìkan lè ní mo fẹ́ tàbùkù àṣà. Rárá o. Ní ọdún 2007, àwọn oníṣègùn ọpọlọ méjì, Aina àti Famuyiwa, kọ̀wé lórí ogun oru. Wọn kò fi ìgbàgbọ́ wa ṣẹ̀sín. Wọ́n gbé e yẹ̀wò. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún náà nìyẹn. Àdúrà kò dí àyẹ̀wò lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí á máa bá ayé jà lóru nígbà tó jẹ́ pé ọ̀fun ló dí, fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá ni. Àìsàn yìí a máa bá ẹ̀jẹ̀ ríru rìn, a sì máa fa jàm̀bá ọkọ̀. Ìtọ́jú sì wà: láti ọdún 1981 ni Colin Sullivan àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ọsirélíà ti fi han ayé pé ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gba imú lè mú kí ọ̀fun ṣí sílẹ̀. Òun ni mo ń lò báyìí.

Òótọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń hanrun ló ń ṣàìsàn. Òótọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn nílé ló ní ẹ̀rọ yìí, owó rẹ̀ kò sì kéré. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kékeré rẹ̀ wà tí a lè gbé sùn nínú ilé ẹni. Ṣùgbọ́n etí kò ní owó. Ẹ fetí sí ẹni tó sùn tì yín. Bí ariwo bá dákẹ́, tí èémí sì dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, èdè wa kò ṣàìní ọ̀rọ̀. A ní hanrun, a ní tòògbé, a ní ta gìrì. Ó ku kí á pe àìsàn yìí ní orúkọ tirẹ̀. Èmi ń pè é ní èémí-dídá lójú oorun. Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù ú lọ, kó mú un wá. Ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ. Ẹni tó bá ti kà á dé ìhín, tó tún ń pè é ní oorun dídùn, apirọrọ ni.