Ẹ Má Pe Àgbà Ní Aláìlajú Nítorí Ọjà Orí Fóònù

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n sọ èrò mi lórí ọ̀rọ̀ tó ń fa àríyànjiyàn nínú ọ̀pọ̀ ilé. Àwọn ọmọ wa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé a ò lajú, torí pé a kì í fi fóònù ra ọjà. Wọ́n ní Gbági la ṣì ń lọ nínú oòrùn, nígbà tí ọlọ́kadà ti gbé aṣọ tiwọn dé ẹnu ọ̀nà.

Èmi ò gbà. Lọ́dún 2012 tí Jumia àti Konga bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, ohun tó fa ọ̀pọ̀ èèyàn mọ́ wọn ni pé ọjà á kọ́kọ́ dé ọwọ́ ẹni ká tó sanwó. Ọgbọ́n àwọn ìyá wa nìyẹn: kí n rí i, kí n fọwọ́ kàn án, kí n tó tú owó létí aṣọ.

Lóde òní ńkọ́? Lórí Instagram àti WhatsApp, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ á ti fi gbogbo owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì ẹni tí wọn ò mọ ilé rẹ̀. Aṣọ tó ń dán nínú fọ́tò á wá dé bí aṣọ ìnulẹ̀. Ọmọ àbúrò mi kan ra bàtà, ẹsẹ̀ òsì méjì ni wọ́n gbé fún un! Wọ́n á fi fọ́tò rẹ̀ síta, gbogbo ayé á rẹ́rìn-ín, owó ti lọ nìyẹn. Ọ̀dọ́ lè ṣiṣẹ́ rí òmíràn. Èmi tí mò ń dúró de owó ìfẹ̀yìntì ńkọ́?

Kì í ṣe pé àgbà ò lè kọ́ ọ o. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 tí owó náírà ṣọ̀wọ́n bí imí eégún, ṣebí àwọn ìyá eléèlùbọ́ náà kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba tiransífáà. A ò bẹ̀rù fóònù, olè là ń bẹ̀rù. Bẹ́ẹ̀ àwa tí orúnkún ń dùn gan-an ló yẹ kí wọ́n máa gbé ọjà wá bá nílé.

Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 tó dá àjọ FCCPC sílẹ̀ fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tí kò ráyè yẹ̀ wò kó tó dé padà. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí àwọn ọlọ́jà orí fóònù jẹ́ kí ẹni tó gbé ọjà wá dúró, ká tú u wò, kó tó gbowó. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbà bẹ́ẹ̀, mi ò ní lọ sí Gbági mọ́, àfi tó bá wu ìyàwó mi láti lọ ná ọjà.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìbàdàn.