Ẹ̀rọ Ìránṣọ Kọ́ Ni Ọ̀tá Ìwé

Ẹjọ́ kan wà tí àwọn àgbà ń dá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn ìlú Afijió, pàápàá ní Fìdítì àti Ìlọrà, tí kò bá òdodo mu. Bí ọmọ tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga bá wálé fún ìsinmi, tó fi ọ̀sán gangan dùbúlẹ̀ ti fóònù, tó ń wo àwọn aláwàdà láti orí fídíò kan sí òmíràn, ìbáwí rẹ̀ kì í kọjá gbólóhùn kan. Ṣùgbọ́n kí ọmọ kan náà jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ fún wákàtí méjì péré, ariwo yóò sọ. Ṣé iṣẹ́ aránṣọ ni wọ́n rán an lọ kọ́ ni? Ṣé nítorí bùbá àti ìró ni bàbá rẹ̀ ṣe ta oko ọsàn?

Ìdájọ́ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ó ń sọ ọmọ tó mọ iṣẹ́ kan í ṣe di ẹni tó ń fi iṣẹ́ náà pamọ́ bí ẹni tó jalè. Ó sì ń jẹ́ kí ohun tó ń gba àkókò ọmọ náà gan-an lọ láìsí ẹni tó bi í léèrè.

Ẹ wo bí ọjọ́ irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ń lọ. Iṣẹ́ tí olùkọ́ fún un ti wà nílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ó ṣí ìwé. Ó ka ojú ewé kan, ọ̀fun sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ dòdò. Ó dìde wò ó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà, òróró kò sí. Ó jáde lọ ra òróró. Ẹni tó bá sì jáde ní Fìdítì mọ̀ pé ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń gbà kọjá bí ẹni pé kò ní ẹnu, nítorí àwọn tó ń ta ọsàn, mẹ́ńgòrò àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó kò ní jẹ́. Ìgbà tó fi padà, tó dín dòdò, tó jẹ ẹ́, tí oorun sì gbé e, oòrùn ti yẹ àtàrí. Ní alẹ́, wọ́n mú iná lọ. Ó ní ọ̀la ni òun yóò ṣe é. Ọ̀la náà dé, ọ̀fun tún ní gàrí tútù pẹ̀lú ẹ̀pà ló kù.

Ìfònídónìí-fọ̀ladọ́la nìyẹn, kò sì sí ẹ̀rọ ìránṣọ kankan nínú rẹ̀.

Kàkà bẹ́ẹ̀, ìdí ẹ̀rọ yẹn nìkan ni ọmọ náà ti parí nǹkan kan láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Iṣẹ́ ìwé lè dúró de ọ̀la láìyí padà, ṣùgbọ́n aṣọ tí wọ́n bá ti fi àlùmọ́gàjí gé kò ṣeé dá padà fún ẹni tó ta á. Ẹni tó bá fẹ́ gé e gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọn èjìká, àyà àti gígùn apá. Bó bá ṣì wọ̀n, ọrùn bùbá yóò fẹjú kalẹ̀, gbogbo ènìyàn yóò sì rí i. Bí ojú rírán bá wọ́, yóò tú u, yóò tún un rán. Kò sí olùkọ́ tí yóò bẹ̀ kó fún un ní máàkì. Sùúrù tí wọ́n ní ọmọ ìsinsìnyí kò ní, ibẹ̀ ló ti ń kọ́ ọ, lójú ìyá tó ń bá a jà.

Kì í ṣe pé kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi ìránṣọ sá fún ìwé o. Ó wà. Ẹni tí ìdánwò rẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ Ajé, tó sì gba aṣọ ẹbí ènìyàn mẹ́rin fún ìgbéyàwó ọjọ́ Àbámẹ́ta, ara rẹ̀ ló ń tàn. Kò sì ní pẹ́ kọ́ irọ́ àwọn aránṣọ mọ́ ọn, èyí tí gbogbo ẹni tó ti ran aṣọ ọdún rí mọ̀ dunjú: “Ó ku bọ́tìnnì nìkan.” Ṣùgbọ́n kí ó dín iye iṣẹ́ tó ń gbà kù ni oògùn èyí. Ẹni tó bá ti ẹ̀rọ náà mọ́ yàrá kò tíì mú ìwé lé ọmọ lọ́wọ́. Fóònù ló tún gbé fún un.

Ibi tí ìkórìíra iṣẹ́ ọwọ́ yìí ti ṣẹ̀ wá jìnnà díẹ̀, Ìlọrà sì wà nínú ìtàn rẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ohun ńlá ni. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ìjọba fi rí i pé àwọn ọmọ tó ka ìwé mẹ́fà kò fẹ́ gbé ọkọ́ mọ́. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni wọ́n ń wá, iṣẹ́ náà kò sì kárí. Ni wọ́n bá dá àwọn oko ìtẹ̀dó sílẹ̀ káàkiri ẹkùn náà, ọ̀kan nínú wọn sì wà ní Ìlọrà. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kó lọ sí irú oko bẹ́ẹ̀ ni kò dúró pẹ́. Ìgbà tí ọmọ ti fi ọdún pípẹ́ gbọ́ pé ìwé ni yóò gbà á lọ́wọ́ ọkọ́, báwo ni yóò ṣe gba ọkọ́ náà bí ẹ̀bùn lẹ́yìn ìwé?

Àṣìṣe yẹn ni wọ́n ṣì ń ṣe. Láti ọdún 2012 ni àjọ àgùnbánirọ̀, NYSC, ti ní ẹ̀ka tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ọwọ́, tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta. Ìyẹn ni pé orílẹ̀-èdè yìí ń dúró kí ènìyàn gboyè tán, kó tó fi abẹ́rẹ́ lé e lọ́wọ́. Ẹni tó wá mú abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ nígbà tó wà ní ọdún kejì, òun ni wọ́n ń pè ní aláìgbọràn.

Ìrántí àwọn òbí náà sì kúrú. Nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì, ASUU, da iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2020 títí di oṣù Kejìlá, àti nígbà tí wọ́n tún dá a sílẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2022, tó gba oṣù mẹ́jọ gbáko, ta ló sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n lọ kọ́ṣẹ́, kí ọwọ́ wọn má baà dilẹ̀? Àwọn òbí kan náà ni. Iṣẹ́ tó dára nígbà tí ìjọba àti olùkọ́ ń fa wàhálà, kí ló sọ ọ́ di ẹ̀gàn nígbà tí kíláàsì ṣí?

Ọ̀rọ̀ owó kò tilẹ̀ yẹ kó gba àlàyé. Láti ọdún 2024 ni NELFUND ti ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, owó oúnjẹ tó sì ń fún wọn jẹ́ 20,000 náírà lóṣù. Ẹni tó bá ti lọ ra ìrẹsì àti òróró lọ́jà lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí yóò mọ ibi tí owó yẹn mọ. Ó sì jẹ́ gbèsè. Owó tí akẹ́kọ̀ọ́ gbà lórí ṣòkòtò tó rán kì í ṣe gbèsè ẹnikẹ́ni.

Àwọn ọ̀gá aránṣọ náà kò mọ́ nínú ọ̀ràn yìí. Wọ́n ń ráhùn pé ọmọ iṣẹ́ kò sí mọ́, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò ní ilé ìwé kankan láti lọ ni ètò wọn wà fún: ọdún púpọ̀, ilẹ̀ gbígbá, iṣẹ́ jíjẹ́ fún ìyàwó ọ̀gá, kí ó tó kan ẹ̀rọ, àti owó òmìnira ní ìparí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ìsinmi kò lè wọ irú ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ aránṣọ ní Fìdítì àti Ìlọrà lè yí i padà láìdúró de ìjọba kankan: kí wọ́n gba akẹ́kọ̀ọ́ ní ìsinmi sí ìsinmi, kí wọ́n kọ ohun tó ti mọ̀ sínú ìwé, bùbá ní èyí, ṣòkòtò ní èkejì, agbádá nígbà tí ojú rẹ̀ bá là dáadáa, kí wọ́n sì ka gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ òmìnira rẹ̀. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga tó ń kọ́ ọmọ ní ìdáṣẹ́sílẹ̀ nínú ìwé, tí wọ́n sì ń dán an wò nínú ìwé, kí wọ́n ra ẹ̀rọ mẹ́wàá sí yàrá kan, kí wọ́n ṣí i ní ìrọ̀lẹ́.

Ọ̀gá tó bá gbà bẹ́ẹ̀ yóò rí ọmọ iṣẹ́ kí ìsinmi tó ń bọ̀ tó parí. Ìyá tó bá gbà bẹ́ẹ̀ yóò rí ẹni tí yóò rán bùbá ọjọ́ Ìsinmi fún un lọ́fẹ̀ẹ́, bí apá òsì rẹ̀ tilẹ̀ gùn ju ọ̀tún lọ díẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́.