Ogun kó wa jọ sí Sàgámù, owó ilẹ̀ ló fẹ́ pa orílé wa rẹ́

Ẹ bi ọ̀dọ́ kan ní Sàgámù pé ọmọ ibo ni, á ní, "Ọmọ Sàgámù ni mí." Ẹ tún bi í pé Sàgámù ibo? Àwọn kan á dárúkọ Màkún tàbí Ọ̀fìn. Àwọn yòókù á kàn rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè yẹn kì í ṣe àwàdà o.

Kó tó di ọdún 1872, kò sí ìlú tó ń jẹ́ Sàgámù. Ogun ló dá a sílẹ̀. Láàárín ọdún 1860 sí 1865, ojú ọ̀nà tó ti Ìkòròdú gba Rẹ́mọ kọjá ni Ìbàdàn ń wá kí ìbọn àti ẹ̀tù lè máa dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ̀gbá ò fẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá. Rẹ́mọ ló wà láàárín, ilẹ̀ wa ni wọ́n sì ti jà á. Nígbà tó yá, ìlú mẹ́tàlá kó jọ sójú kan, kí ọ̀tá má baà máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohun tó wú mi lórí níbẹ̀ ni pé wọn ò po ara wọn pọ̀ di ọ̀kan. Ìlú kọ̀ọ̀kan gbé orúkọ ẹ̀, òrìṣà ẹ̀ àti oyè ẹ̀ dání wọlé. Ìdí nìyẹn tí Ewúsì fi wà ní Màkún, tí Ẹlẹ́pẹ̀ẹ́ wà ní Ẹ̀pẹ́, tí Akárìgbò sì wà ní Ọ̀fìn, gbogbo ẹ̀ nínú Sàgámù kan náà. (Ẹ̀gbá tí wọ́n bá jà gan-an ti ṣe irú ẹ̀ ní Abẹ́òkúta láti 1830.) Ìjọba kankan ò fún wọn lówó. Orílé-Òkò ṣì wà ní Àríwá Rẹ́mọ dòní. Orúkọ ẹ̀ nìkan ti tó ìtàn.

Ogun ti parí, ilẹ̀ ló ń lọ báyìí. Níbi tí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ti pàdé ọ̀nà Bìní, gbogbo èèyàn ló fẹ́ ra plot. Lójú ẹni tó ń ta ilẹ̀, orílé tí kò ní ju igi àgbà àti àfọ́kù ìkòkò lọ, igbó lásán ni. Tí katakata bá fi wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ó tán.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ: pé ìbọ̀rìṣà ni gbogbo ẹ̀. Ẹ gbọ́ ná, ká mọ ibi tí bàbá ńlá wa ti ná ọjà, ṣé ẹbọ nìyẹn? Ní Tìmbúktù, lọ́dún 2012, àwọn agbébọn wó sàárè àwọn wòlíì Mùsùlùmí pé ìbọ̀rìṣà ni. Nígbà tó fi máa di 2015, àwọn bíríkìlà ìlú náà ti tún un mọ. UNESCO bá wọn wá owó, àmọ́ ọwọ́ ọmọ ìlú ló po amọ̀.

Kí ẹbí kankan tó fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí àgbàlagbà kan rìn ín pẹ̀lú ọ̀dọ́ tó ní fóònù: kànga rèé, ojúbọ rèé, ibi tí ògiri ìlú dé rèé. Dátà nìkan ló máa ná yín.

Èmi ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó ti bàbá àgbà kan ní Màkún fún wákàtí méjì, mò ń gba ohùn wọn sílẹ̀. Orúkọ àwọn ọjà àtijọ́ la ṣì ń kà tí bátìrì fi kú. Mò ń padà lọ ní Sátidé.